Ìyá Oníbéèrè Dé Ilé Keje

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká, tó ń ka ilé lójú pópó bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, ẹ má sá. Ìyá Oníbéèrè ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kan ilẹ̀kùn, kó bi onílé ní ohun tó rò nípa ìjọba, nípa ilé ìwé, nípa ilé ìwòsàn, kó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ṣe ìwádìí ló ń rán an. Ọdún kẹsàn-án rèé, bàtà mọ́kànlá ló sì ti gbó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Iṣẹ́ náà ní òfin. Ilé keje-keje ni wọ́n ń wọ̀. Bí ajá burúkú bá wà ní ilé keje, ibẹ̀ náà ni. Bí ìbéèrè ṣe wà nínú ìwé ni kí wọ́n ṣe kà á, bí èsì ṣe jáde lẹ́nu onílé ni kí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni, wọn kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, wọn kò gbọ́dọ̀ yínmú. Bàbá kan sọ fún un nígbà kan pé kí wọ́n kó gbogbo olóṣèlú sínú ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n wá gbàgbé ibi tí wọ́n so ó mọ́. Ojú Ìyá Oníbéèrè kò yí padà. Ó kọ ọ́ tán, ó ní, "Ìbéèrè kẹsàn-án, sà."

Àṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń gbé mì níta, ilé ló ń lọ pọ̀ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ tó gbòde nígbà náà ni àbá ìjọba pé kí ìbò dídì di dandan fún gbogbo èèyàn. Àwọn kan ní ó dára, àwọn kan ní ìfipámúni ni. Ìyá Oníbéèrè wà lẹ́yìn àbá náà gbágbágbá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, télọ̀ tó ń gbé ní òdìkejì ìlú, kì í dìbò ní tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti jọ ń jẹun lọ́jọ́ ìsinmi kan, obìnrin yìí sọ ọ́ sí i lójú àwọn ọmọ rẹ̀: "Ẹ̀yin tí ẹ kì í dìbò lẹ̀ ń ba ìlú jẹ́. Ẹ kúkú dákẹ́." Télọ̀ gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Oṣù mẹ́rin ló fi dákẹ́.

Àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí. Bí Ìyá Oníbéèrè bá pe fóònù rẹ̀, á dún títí á fi sú u. Ó ń dùn ún gan-an, àmọ́ agídí ò jẹ́ kó lọ bá a nílé, torí ó dá a lójú pé òun ló jàre.

Ọ̀rọ̀ ìbò dandan yìí náà ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá ní kí wọ́n lọ bi aráàlú. Wọ́n fún un ní àdúgbò kan ní òdìkejì ìlú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé láti ìkóríta. Nígbà tó pé méje, ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ tó mọ̀ dáadáa. Ó padà sí ìkóríta, ó tún un kà. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni. Òfin ní bó bá kan ẹbí ẹni, kí a fo ilé náà. Ó mọ òfin yẹn lórí. Ó kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú, ó fi téèpù kọ́ ọrùn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ló rán mi wá. Ìbéèrè díẹ̀ ni."

Télọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ wọlé, màmá. Ẹ jókòó."

Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà ló ń pè é ní màmá bí àlejò. Ó dùn ún wọ eegun. Síbẹ̀ ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń ka ìbéèrè lọ, títí ó fi dé ìkẹrin: "Ìgbà wo lẹ dìbò kẹ́yìn? Bí ẹ kò bá dì í mọ́, kí ló fà á?"

"Ó di ọdún mọ́kànlá tí mo lọ dìbò kẹ́yìn," Télọ̀ ní. "Mo tò láti aago mẹ́fà àárọ̀. Nígbà tó kàn mí, ọmọ tó wà nídìí ìwé orúkọ ní orúkọ mi wà láàárín àwọn òkú. Mo ní òkú wo ló ń làágùn báyìí? Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ wọn, wọ́n ní kí n mú ẹbí kan wá tó máa jẹ́rìí pé mo wà láàyè. Mo pe àbúrò mi. Ó ní ọwọ́ òun dí, pé àwọn ń ṣe ìpàdé lórí ẹ̀tọ́ aráàlú láti dìbò. Mo tún pè é. Ó ní òun ń bọ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì."

Ká ní ìdí oúnjẹ ni, Ìyá Oníbéèrè á ti já ọ̀rọ̀ yìí gbà kó tó dé ìdajì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, ó ní láti kọ ọ́. Ó rántí ìpàdé náà. Òun gan-an ló di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú lọ́jọ́ náà. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: *àbúrò mi ní ọwọ́ òun dí*. Bó ti kọ ọ́ tán, kò lè ka èyí tó kàn.

Ó fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí fọ́ọ̀mù náà, ó kọ "ẹ̀gbọ́n mi ni" sí i. Ọ̀gá rẹ̀ máa bínú. Kó máa bínú.

"Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ohun tó fà á nìyẹn."

"O ò bi mí rí," ni Télọ̀ wí.

Kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó lù, àwọn méjèèjì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé béèrè ohun tí wọ́n wá ṣe, Ìyá Oníbéèrè ní òun wá jẹ́rìí pé ẹ̀gbọ́n òun kò kú. Ó fọwọ́ sí ìwé ní ojú ìlà mẹ́ta.

"Mi ò tíì sọ pé mo máa dìbò o," Télọ̀ ní bí wọ́n ṣe ń jáde.

"Ẹ má dì í, Bùọ̀dá. Ẹ ṣáà wà láàyè ná."