Àfọ́kù Ìgò Tí Mo Nù fún Àṣàkẹ́

Ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn lójú ní Sakété ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Mẹ́tìrì Jùsítẹ̀n, olùkọ́ wa, ní ká fi èéfín àtùpà kun àfọ́kù ìgò títí yóò fi dúdú kirikiri, ká fi wo oòrùn. Ìyá wa na asẹ́ gàrí sókè ní tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú ihò rẹ̀ kọjá, oòrùn kéékèèké bí èékánná sì kún ilẹ̀.

Ó ní, "Ẹ wo ilẹ̀, ó tó."

Àṣàkẹ́ àbúrò mi kọ̀. "Tòkè ni mo fẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ìgò mi ti dúdú jù."

Mo fi ìró mi nu èéfín ibẹ̀ díẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí etí yín. Ojú yín dà?"

Kò rí ojú ènìyàn mọ́ láéláé. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà bẹ́ẹ̀ kí a tó sin ín ní Sátidé tó kọjá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo nu ìgò náà. Èmi náà ò sọ, àfi lónìí.