Bátìrì Tó Jẹ Ìdí Ṣòkòtò Mi

Òórùn bátìrì tí wọ́n ń ṣájì kò jọ òórùn mìíràn láyé. Ó dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ó sì tún ń ta ni nímú bí ìgbà tí wọ́n bá ń yan ata lẹ́yìnkùlé. Òórùn yẹn ni mo fi ń mọ àárọ̀ Sátidé nílé wa ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí: iná ò tíì dé àdúgbò wa, bátìrì mọ́tò la fi ń wo tẹlifíṣọ̀n. Baba mi ló ní ẹyọ kan ṣoṣo tó wà nínú agbo ilé. Bí bátìrì bá kú láàárín eré lálẹ́ Sunday, gbogbo agbo ilé á yíjú sí baba mi bíi pé òun ló pa á.

Nítorí náà, baba mi ń tọ́jú bátìrì yẹn bí ọmọ tuntun. Kì í gbé e lé símẹ́ǹtì, pákó ló ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ìró ìyá mi ló fi ń wé e. Á wá kìlọ̀ fún wa pé, "Ohun tí kò lẹ́nu tó ń hó, ẹ má bá a ṣeré." Ìyá mi á dáhùn láti ìdí ààrò pé, "Ẹ bá mi mú ìró mi kúrò lára ẹ̀. Òtútù ń mú èmi náà."

Èmi ni mo ń gbé e lọ sọ́dọ̀ baba tó ń ṣájì bátìrì nítòsí gáréèjì ọkọ̀. Òṣùká lórí, bátìrì lórí òṣùká, ẹsẹ̀ lásán. Lọ́jọ́ kan tí mò ń gbé e bọ̀, ọrùn ń ro mí, mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, mo jókòó lé e lórí bí àpótí. Omi oró tó jò sórí ẹ̀ tutù lára, mo gbádùn ẹ̀. Ṣòkòtò kákì iléèwé ló sì wà nídìí mi.

Ìyá mi fọ ṣòkòtò náà, kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Monday, wọ́n ní ká máa ṣa pàǹtí lójú pápá. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, fàà! Atẹ́gùn wọlé. Ọ̀gá iléèwé ní, "Ìwọ yìí, kí ló jẹ ọ́ nídìí?" Mo ní, "Bátìrì ni, sà." Títí mo fi kúrò níléèwé yẹn, wọn ò tún pè mí lórúkọ tí baba mi sọ mí mọ́. "Bátìrì, ṣé o ti kún?" Nígbà tí mo délé, baba mi wo ihò ṣòkòtò náà, ó wo bátìrì. Ó ní, "Ṣé omi ẹ̀ ò dà nù púpọ̀?"

Ẹ wá wò mí ní Jonesboro, ní Amẹ́ríkà níbí. Ilẹ̀ tó yí ilé mi ká fẹ̀, mo bá ra mower, ẹ̀rọ tó ń gé koríko, tí à ń gùn bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Orí ẹ̀ nìkan ni mo lè jókòó sí tẹ́nìkan ò ní rán mi níṣẹ́. Ó pẹ́ kí n tó ṣí àga ẹ̀ sókè. Bátìrì rèé, lábẹ́ ìdí mi! Èmi àti ẹ̀ náà tún rèé.

Nígbà òtútù èṣí, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo fi tapólì bo mower, mo gbàdúrà lé e. Bátìrì kú. Kí n tó rí òmíràn fi sí i, koríko ti dé orúnkún. Ìyàwó mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Morrow wá sọ ọ́ sójú mi pé, "Bàbá Tómi, bí eléyìí bá tún kú, ẹ ó ta mower yẹn ni. Mi ò lè máa sin ẹṣin tí kì í rìn."

Bí òtútù ṣe tún ń bọ̀, mo dira láti yọ bátìrì náà kí òtútù má baà tún pa á. Mo wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń fọ abọ́, mo wọ awò tó bo ojú mi tán, mo tún wọ ẹ̀wù òjò. Tómi ọmọ mi ń ka ìwé ìlò mower náà fún mi: wáyà dúdú la ó kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà pupa. Ó ní, "Daddy, it's sealed. Omi ẹ̀ can't pour."

Mo ní, "Ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Ó ti jẹ mí rí."

"Ó bite yín? Where?"

Mo kọjú sí wáyà dúdú.

Mo tú u, mo nawọ́ gbé e jìnnà sára bí ọmọ tó tọ̀ sára. Ìwé ní ká gbé e síbi tó gbẹ, tí kò gbóná. Àmọ́ ọmọ baba mi ni mí. Mo tẹ́ pákó sórí bẹ́ẹ̀dì àlejò, mo gbé e lé e, mo fi aṣọ wé e dáadáa. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ igbe ìyàwó mi: "Bàbá Tómi! Ta lẹ tẹ́ síbí?" Ó ṣí aṣọ. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ìró mi!"

Bátìrì di ará garage ilé wa lọ́jọ́ náà, torí ìyàwó mi ní bí kò bá jáde, èmi àti ẹ̀ la jọ máa jáde. Mo so ó mọ́ ṣájà kékeré kan tó ń fún un níná díẹ̀díẹ̀, tó bá kún, á dáwọ́ dúró fúnra ẹ̀. Pákó ṣì wà lábẹ́ ẹ̀ o. Wọn ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Láràárọ̀ kí n tó lọ síbiṣẹ́, mo máa ń yọjú wo iná ẹ̀ tó ń tàn wínníwínní. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń wò ó.

Koríko tún hù. Mo dá a padà sáyè ẹ̀, mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó mi káwọ́ lẹ́rán lójú fèrèsé. Mower dún gbììì! Mo gbọ́ ohùn Tómi láti inú ilé: "Mommy, ó work!" Ìyàwó mi kàn fa kọ́tìnnì dé. Àmọ́ mo rí eyín ẹ̀.

Bí mo ṣe ń gé koríko lọ, mo rántí ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ lásán tó gbé oró la ìgboro kọjá, tó tún jókòó lé e, tó sì ń gbádùn ara ẹ̀. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, òun ni ọkùnrin nínú wa. Èmi tí mo wọ ìbọ̀wọ́, awò àti ẹ̀wù òjò torí ìdè wáyà méjì, nígbà tí mo gé koríko tán, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rọra fọwọ́ kan ìdí ṣòkòtò mi.

Ó pé.