Pẹ̀rẹ̀gún Tí Isidore Rí Lókè

Isidore ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, àgbẹ̀ oníṣu ni ní Soclogbo, kò sì sí ohun tó wù ú láyé mọ́ ju kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ nǹkan ńlá kan. Lọ́jọ́ tí Màdámù Gisèle fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré balẹ̀ sójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa, tó ní ìlú dé ìlú lòun ń lọ, kí ìlú kọ̀ọ̀kan lè kọ́ pápákọ̀ òfuurufú tirẹ̀, Isidore ti nawọ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán.

"Ilẹ̀ títẹ́jú tó wà níhìn-ín, tèmi ni gbogbo rẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ kẹ̀! Léon àbúrò rẹ̀ wà nídìí igi máńgòrò, ó ń gbọ́. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀ nítorí ilẹ̀ yẹn. Bí Fadá bá ní kí wọ́n kí ara wọn kú àlàáfíà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ọlọ́mọ ni Isidore máa ń bọ̀ lọ́wọ́. Pẹ̀rẹ̀gún ni bàbá wọn fi pààlà. Lọ́dọọdún, bí Isidore bá ń kọ ebè, á fi ìlà kan kún tirẹ̀, á gé pẹ̀rẹ̀gún tó bá bá pàdé, á ní ikán ló jẹ ẹ́. Ikán Soclogbo mà gbọ́n o, ọ̀dọ̀ Léon nìkan ni wọ́n ń jẹ lọ.

"Ẹni tó bá yọ̀ǹda ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bá wa fò," Gisèle wí.

Isidore gòkè. Ẹ̀rù bà á, ó di àga mú ṣinṣin. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, gbogbo oko ti gbẹ. Nígbà tó bojú wolẹ̀, ó rí nǹkan tútù méje tó tò gba àárín ebè rẹ̀ kọjá bí ìlẹ̀kẹ̀ rosari. Kùkùté tó gé ló ti rúwé. Nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń rí wọn, èèyàn lè pè é ní igbó. Lókè, ààlà ni.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ pé ojú ọ̀run ló ti máa bá a. Ojú ti Isidore débi pé ó gbàgbé ẹ̀rù.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Gisèle fún un ní ìwé àti bíìkì.

"Bàbá, ẹ fọwọ́ sí i. Orúkọ yín la máa kọ sára pátákó."

Ó wo ìwé náà títí. Ó rìn lọ sídìí máńgòrò, ó na bíìkì sí àbúrò rẹ̀.

"Gbà. Ilẹ̀ náà kì í ṣe tèmi nìkan. Mo rí pẹ̀rẹ̀gún bàbá wa. Méje ni."

Léon gba bíìkì.

"Mẹ́sàn-án ni, ẹ̀gbọ́n. Méjì wà lábẹ́ abà yín."