Ìyá Mi Kì Í Ṣe Obìnrin Méjì

Orí kunkun wà lára mi láti kékeré, n kò sì tọrọ àforíjì lórí ẹ̀. Orin ni mò ń gbé sínú fóònù àti fúláàṣì àwọn èèyàn nítòsí ọjà Aswani l'Ékòó, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to orúkọ olórin lórí kọ̀ǹpútà. Torí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Alága ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa wọlé tọ̀ mí wá pé òun fẹ́ kọ́ mi bí màá ṣe pa orúkọ rẹ́, díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín.

Ohun tó gbé e wá nìyí. Ìjọ wa ní Èjìgbò fẹ́ kó gbogbo orin tí ẹgbẹ́ akọrin ti gbà sílẹ̀ láti ayé kásẹ́ẹ̀tì sórí ẹ̀rọ kan nínú gbọ̀ngàn, kí ẹnikẹ́ni lè tẹ orúkọ olórin kó sì gbọ́ orin rẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì, ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orin náà. Àmọ́ nígbà tí Alága wo ojú kọ̀ǹpútà mi, obìnrin méjì ló rí. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìyá, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì ń jẹ́ Ìyá, pẹ̀lú orúkọ tèmi. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ó to ọ̀kan sókè, ó to èkejì sísàlẹ̀, ó wá fi bí ogún èèyàn sáàárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí. Ibà ló pa á ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí èmi ò tíì pé mẹ́rin. Àwọn tó wá kí màmá mi ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Láti ọjọ́ kejì ìsìnkú ni wọ́n ti ń fi orúkọ mi pe màmá mi. Bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn, àánú ni: a kì í fi orúkọ ọmọ tó lọ pe ìyá rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ń jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ń jẹ́ tèmi. Bí ìyá mi ṣe di méjì nìyẹn.

"Pa ti òkè yẹn rẹ́," Alága wí. "Fi tìẹ sí gbogbo ẹ̀. Àbí o fẹ́ kí màmá rí i lójú gbogbo ìjọ ni?"

"Ẹ má bínú, sà, mi ò ní í ṣe é."

"Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó."

"Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi kì í ṣe obì."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ó dáa, kí n wá kọ Ìyáàfin sí i, kí n fi orúkọ bàbá mi tẹ̀ lé e. Mo sọ fún un pé bàbá mi kò kọ orin kankan láyé wọn. Bí àwọn èèyàn bá ń kọrin, oorun ni wọ́n máa ń sùn. Ó dìde. Ó ní tó bá di Sátidé tí n kò pa á rẹ́, òun fúnra òun máa pa á rẹ́.

Mo yarí lójú rẹ̀, àmọ́ nígbà tó lọ tán, ẹ̀rù bà mí. Iṣẹ́ gan-an kò le. Lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan, àyè méjì ló wà fún orúkọ olórin. Ti àkọ́kọ́ ni àwa èèyàn ń kà. Ti èkejì fara pamọ́. Ẹ̀rọ nìkan ló ń wò ó láti mọ ibi tó máa to orin sí. Mo lè fi àyè àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n kọ orúkọ kan ṣoṣo sí èkejì fún gbogbo orin náà, wọn á sì wà lójú kan. Kò sẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ máa parẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, n kò tíì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi pe màmá mi rí. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni Alága ń sọ ńkọ́? Bí mo bá lọ ṣí egbò ìyá mi nítorí orí kunkun ńkọ́?

Mo gbé kọ̀ǹpútà, mo lọ bá wọn nílé ní Òkè-Afá. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo fi orúkọ méjèèjì hàn wọ́n, mo sì sọ ohun tí Alága wí. Wọ́n wò ó títí.

"Ta ló ní kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́?"

"Àánú yín ló ṣe wọ́n, mà."

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Fúráìdé ni mo sin ọmọ mi. Nígbà tó fi máa di Sátidé, wọ́n ti sin orúkọ rẹ̀ náà. Inú bí mi nígbà yẹn, ó sì ń bí mi dòní. Tí wọ́n bá fi orúkọ tìẹ pè mí, mò ń dáhùn, àmọ́ n kì í dáhùn tán."

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Orúkọ mi ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n inú kò bí mi sí wọn. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n kọ sí àyè tó fara pamọ́ yẹn. Wọ́n ní èyí tí bàbá àwọn sọ àwọn lọ́jọ́ ìkómọ. N kò rò pé ẹnì kan wà ní gbogbo Ìsọlọ̀ tó mọ orúkọ náà. Mo tẹ̀ ẹ́ níṣojú wọn, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀wà wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé mo fún Alága ní fúláàṣì. Mo sọ fún un pé n kò pa nǹkan kan rẹ́, pé màmá fúnra wọn ló ní kí n fi sílẹ̀. Kò gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kò láyà láti fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, ó dúró níwájú gbọ̀ngàn, ó tan ẹ̀rọ náà. Gbogbo orin màmá mi tò tẹ̀ léra, láti èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ dé èyí tó kẹ́yìn, láìsí àlejò kankan láàárín. Alága wo orúkọ tó wà lórí orin àkọ́kọ́. Ó wúkọ́, ó fò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti ìsàlẹ̀.

Màmá mi dìde lórí ìjókòó wọn. "Alága, ẹ ka èyí tó wà lókè."

Ó kà á wúyẹ́wúyẹ́.

"N kò gbọ́."

Alága gbé ojú sókè, ó sì kà á ketekete: Ìyá, àti orúkọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀ẹ̀n," màmá mi dáhùn. "Èmi rèé."