Ilé Ọ̀fẹ́ ní Ṣómólú

Nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lórí wa, tí àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì ń pe Ṣómólú ní oko, baba onílé kan wá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé. Ó ní bí mo bá lè kó máṣíìnì mi wá sí àdúgbò òun, mi ò ní san kọ́bọ̀ owó ilé fún ọdún kan gbáko. Ó ní àdúgbò tó bá ti ní atẹ̀wé ti kúrò ní oko.

Orí mi wú. Ìyàwó mi ò bá mi yọ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ ná. Èmi àtàwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ màmá mi. Ọjọ́ tí iṣẹ́ ibẹ̀ bá bọ́ ẹ̀yin nìkan yó, ẹ wá kó wa."

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀ ni baba mú káàdì ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ wá. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fún un nílé? Ni ẹbí bá gbọ́. Èyí ń ṣílé l'Ọ́baníkòró, ìyá tọ̀hún kú, olúkúlùkù sì ń sọ fún mi pé ilẹ̀ bàbá òun ni mo jókòó sí. Àwọn tó ń bára wọn ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ yẹn pàápàá, ọ̀rọ̀ wọn ṣọ̀kan lórí máṣíìnì mi. Èmi ni mo ń ra pépà. Inú ń bí mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn bí òmùgọ̀.

Bí mo bá lọ wo àwọn ọmọ ní ọjọ́ Àìkú, ìyàwó mi á wo ọwọ́ mi tó ṣófo, á sì gbé oúnjẹ fún mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tó ku oṣù kan kí ọdún pé, baba tún mú ìwé ìpolówó wá kí n tẹ̀: ilé ọ̀fẹ́ fún oníbúrẹ́dì tó bá kó wá láti Èkó.

"Bó bá dé," ó ní, "màá fi oṣù mẹ́fà kún tìẹ."

Mo ṣírò iye pépà tí màá tún rà. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Mo tẹ̀ ẹ́. Baba ò fi àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, ó gbà pé kò sẹ́ni tí kò mọ òun. Ṣùgbọ́n àwa atẹ̀wé kì í tẹ ìwé kí á má fi àdírẹ́sì tiwa sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ mi ni oníbúrẹ́dì wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ló jẹ́ ọ̀fẹ́?"

Mo fi káàdì àwọn ẹbí baba tó wà lórí tábìlì hàn án. Mo ní, "Ọ̀fẹ́ nìwọ̀nyí. Búrẹ́dì mélòó lo rò pé wọ́n á jẹ láàárọ̀?"

Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo dọ̀bálẹ̀ fún baba, mo ní mo fẹ́ máa san owó ilé. Ojú rẹ̀ yí padà. "Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́ pé baba ti gbowó ilé lọ́wọ́ mi, ó kó àwọn ọmọ dé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò baba gbé káàdì wá. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó wá tẹ́wọ́.

"Èló lẹ mú wá, sà?"

Ọkùnrin náà jáde, ó ń sọ fún gbogbo ojúlé pé ará Èkó ti wá ba Ṣómólú jẹ́.