Àlejò Ìyá Rùqáyyàh àti Ìwọ̀n Igi

Ní Lálùpọn, ẹ ò lè dárúkọ olóògbé Ìyá Rùqáyyàh kí ẹnì kan má sọ ti ọjọ́ tí ààrò tuntun jẹ igi ju ti àtijọ́ lọ.

Àwọn kan láti Ìbàdàn ló bá a mọ ààrò náà síbi tó ti ń yan gàrí. Wọ́n ní igi díẹ̀ ni yóò máa jẹ. Bí ìwọ̀n bá ti rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò mọ irú rẹ̀ fún gbogbo obìnrin tó ń yan gàrí ládùúgbò, àwọn tí ojú wọn ti rí màbo lọ́wọ́ èéfín. Wándé, ọ̀kan nínú wọn tó ń wọn igi, ti wọn ti ààrò àtijọ́ nínú oṣù Ramadan, tòun ti ààwẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ó padà wá. Ó wọn igi fún ààrò tuntun, ó lọ kí baálẹ̀. Nígbà tó dé, igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Ìyá Rùqáyyàh ní tirẹ̀ ń bu ọbẹ̀ fún àlejò. Wándé ti jẹ iyán dé ìdajì kó tó béèrè pé orí iná wo ni wọ́n ti sè é.

“Orí ààrò yín náà ni,” ni ìyá wí. “Nígbà tó o kọ́kọ́ wá, ààwẹ̀ lo gbà. Ṣé kí n tún jẹ́ kó o febi lọ ni?”

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn tó wá já iná mànàmáná ilé rẹ̀ pàápàá, ẹ̀bà ló kọ́kọ́ fi pàdé wọn. Wọ́n jẹun tán, ojú ń tì wọ́n, wọ́n gbé àkàbà wọn lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi oore pa àwọn lára, ó sì gbà. Lọ́jọ́ tí Wándé tún dé, kò sí ìkòkò kankan lórí iná, síbẹ̀ igi tó jó ò dín kù bó ṣe yẹ. Wándé fi ọ̀pá wa eérú, ló bá rí iṣu.

“Wọ́n ní n má sè é,” ni Ìyá Rùqáyyàh wí. “N ò sè é. Mo sun ún ni.”

Wándé rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ní kí wọ́n padà sídìí ààrò àtijọ́, kí ìyá se oúnjẹ àlejò níbẹ̀ náà, kí iṣẹ́ ààrò méjèèjì lè dọ́gba. Ìgbà yẹn ni òtítọ́ hàn: igi tí ààrò tuntun jẹ ò ju ìdajì ti àtijọ́ lọ. Kí òjò tó dé, wọ́n ti mọ ààrò sí gbogbo ilé.

Ọlọ́run mú ìyá lọ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí Wándé tún wá wọn igi lọ́dọ̀ Rùqáyyàh, ọmọ rẹ̀, igi tó jó kéré ju ti ìgbàkígbà lọ. Wándé wo ìwọ̀n, ó wo ojú wa. Inú ẹnikẹ́ni ò dùn sí i. Àárò ìyá sọ gbogbo wa.

Rùqáyyàh ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ mú igi.

“Bọ̀dá Wándé,” ló wí, “ẹ má tíì kọ ọ́ sílẹ̀. A ò tíì se tiyín.”