Abọ́sẹ̀dé Oníkọ̀nkọ̀ àti Ìbúra Rẹ̀

Ẹni tó bá sọ fún Abọ́sẹ̀dé pé kò mọ kọ̀nkọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀lọ́, ìjà ló ń wá. Ogún ọdún ló ti ń yan kọ̀nkọ̀ tà l'Ẹ́dẹ. Láàyè ló ti máa ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Alájùẹ́, yóò sì fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: èyí tó bá ń yọ̀ bọ̀rọ́, kọ̀nkọ̀ ni, èyí tó bá rí ṣákiṣàki, kó máa fò lọ sílé rẹ̀.

Àfi ìgbà tó di ọdún kejì tí àwọn sójà gbàjọba, tí ẹran màlúù di ohun tí à ń fi ojú lásán wò. Àwọn tí kì í jẹ kọ̀nkọ̀ tẹ́lẹ̀ ń wá a kiri. Ọjà yá ju ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyí tí wọ́n ti yan láti Awo. Ohun tí èéfín ti sọ di dúdú, àtàǹpàkò wo ló fẹ́ dá a mọ̀? Kò tilẹ̀ rò ó.

Sìmbíátù aládùúgbò rẹ̀ ra díẹ̀ lọ́jọ́ kan. Fàsílátù, ìyàwó kékeré ilé náà, ló sè é. Gbogbo ilé ló jẹ ẹ́, àmọ́ Mansur ọmọ Sìmbíátù nìkan ló bì títí ojú rẹ̀ fi yí. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n bi Abọ́sẹ̀dé léèrè, inú bí i, ó gbé Bíbélì.

"Bí mo bá ta ọ̀pọ̀lọ́ fún yín rí, kí n má dàgbà ju báyìí lọ!"

Wọ́n gbà á gbọ́. Tí kì í bá ṣe ẹran, ta ló wá kù? Ẹni tó se ọbẹ̀ ni, orogún ìyá ọmọ. Kò sẹ́ni tó lé Fàsílátù, wọ́n kàn ṣíwọ́ jíjẹ oúnjẹ rẹ̀ ni. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ara.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Sátidé ìmọ́tótó, nígbà tí àwọn sójà jẹ́ kí aráàlú jáde láago mẹ́wàá, ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama kan pe gbogbo èèyàn sábẹ́ igi máńgòrò wọn. Wọ́n fẹ́ là wá lọ́yẹ̀ nípa ejò, alángbá, ọ̀pọ̀lọ́ àti àwọn ẹbí wọn. Òjòlá wà nínú àgò onírin, agẹmọ wà lórí ẹ̀ka, ahun sì ń rìn kiri bí ẹni pé òun ló ni ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí òjòlá na ara, àwọn ọkùnrin tó ti ń fọ́nnu ló kọ́kọ́ sá. Abọ́sẹ̀dé gbé atẹ rẹ̀ wá, torí ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ọjà ń bẹ níbẹ̀.

Kúlúsúmù, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, gbé ọ̀pọ̀lọ́ kan sókè.

"Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ má pa ọ̀pọ̀lọ́ o. Kòkòrò tó ń jẹ wá lóko ló ń bá wa jẹ. Àmọ́ ẹ má jẹ òun náà. Ẹ wo kókó méjì lẹ́yìn ojú rẹ̀, oró ló wà níbẹ̀, iná kì í sì í pa oró náà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, ti kọ̀nkọ̀ gùn." Ó tajú kán rí Abọ́sẹ̀dé. "Ìyá oníkọ̀nkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú yíyan kan sókè kí wọ́n rí i."

Abọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín. Ọmọ àná fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ òun! Ó ki ọwọ́ bọ atẹ. Èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ó fi ìka wá ẹ̀yìn ojú rẹ̀, ó sì kan kókó méjì.

Kíá ló ti tì í sábẹ́ àwọn yòókù, ó mú òmíràn tó gùn lẹ́sẹ̀ sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Sìmbíátù, tó dúró lápá kejì, pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Ta ló rí i? Kò sí. Tó bá dákẹ́, ọjà á máa lọ. Àwọn àgbà ṣáà ti ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, n kò sì ní bá a jà ká ní ó dákẹ́, torí ebi ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ara ń ni ín. Fàsílátù ló ń rí, bó ṣe gbẹ́rù kọjá níwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó sì tún dúró kúnlẹ̀ kí i.

Kúlúsúmù ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ agẹmọ nígbà tí Abọ́sẹ̀dé dìde.

"Ẹ dúró ná. Ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú atẹ mi." Ó wá a jáde, ó gbé e sókè. "N ò mọ̀ nígbà tí mo fi Bíbélì búra, àmọ́ èmi ni mo tà á. Sìmbíátù, Fàsílátù ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Sìmbíátù káwọ́ lérí, ó ń pe orúkọ Fàsílátù. Abọ́sẹ̀dé da gbogbo ohun tó wà nínú atẹ sínú ihò ìdọ̀tí, ó sì wọ ọkọ̀ Ara.

Ó bá Fàsílátù níbi tó ti ń fọṣọ. Ó kúnlẹ̀ fún un, tòun ti ewú orí rẹ̀.

"Háà, ìyá! Ẹ dìde, ẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ mi!"

Kò dìde títí ó fi rojọ́ náà tán. Fàsílátù wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ pẹ́.

"Látọjọ́ náà, n ò dáná fẹ́nikẹ́ni mọ́, títí kan bàbá mi. Mo ti ń rò ó pé bóyá nǹkan kan ń bẹ lọ́wọ́ mi lóòótọ́." Ló bá bú sẹ́kún.

Abọ́sẹ̀dé náà sunkún. Nígbà tó ṣe, ó fi etí ìró nu ojú.

"Ebi ń pa mí," ó ní. "Lọ se nǹkan fún mi."

Fàsílátù wò ó, ó dìde, ó lọ wá igi ìdáná. Abọ́sẹ̀dé fa àpótí, ó jókòó dè é.